Ìsàlẹ̀ Fẹ́ Kúrò Lára Òkè

Orin ló dá ìjà náà sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ iná ni, kò sí níbẹ̀. Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, nínú gbọ̀ngàn àwọn onílé ní àdúgbò Ìfẹ́sowápọ̀, ní Itele, lẹ́bàá Ọ̀tà. Àṣà wọn ni pé tí Mùsùlùmí kan bá ti gbàdúrà, tí Kìrìsìtẹ́nì kan náà sì ti gbàdúrà, gbogbo wọn á dìde, wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, wọ́n á wá fi orin àdúgbò tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún kan tí alága wọn, Bàbá Ògúnlàdé, kì í dìde sí orin Nàìjíríà mọ́. Tí àwọn yòókù bá ń kọ ọ́, bàbá á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wo òrùlé bí ẹni tí ò gbọ́ nǹkan kan. Tó bá wá kan orin àdúgbò, á fò dìde, ohùn tirẹ̀ ló sì máa ń ròkè jù.

Kò sẹ́ni tó bínú sí i, nítorí wọ́n mọ ohun tó wà nínú bàbá. Ọdún yẹn ni àwọn tó ń pè fún orílẹ̀-èdè Yorùbá ń wọ́de káàkiri ìlú, Bàbá Ògúnlàdé kò sì jẹ́ kí ìwọ́de kankan ṣẹ́yìn òun. Ó ti ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngó kó tó fẹ̀yìn tì. Ó lẹ́nu ọ̀rọ̀, ó ń ka òfin, kì í sì í bẹ̀rù ọlọ́pàá. Tí ìpàdé àwọn onílé bá parí, á ní kí wọ́n má tíì lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn.

"Ìwé òfin Nàìjíríà ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni wá, a ò ṣeé pín, a ò ṣeé tú ká," á wí bẹ́ẹ̀. "Ta ló bi wá léèrè kí wọ́n tó kọ ọ́? Ìwé àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà fúnra ẹ̀ fọwọ́ sí, tó tún sọ di òfin, ó ní ẹ̀tọ́ gbogbo ẹ̀yà ni láti yan bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé ayé wọn. Ẹni tó ń lọ ló máa dìbò! Ẹ ò lè ní kí ará Kánò wá dìbò bóyá kí Yorùbá lọ tàbí kó dúró. Ṣé ẹni tó dì ẹ́ mú lo máa lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀?"

Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ẹni tó sì máa ń pàtẹ́wọ́ jù ni Nàfísátù, obìnrin ará Ìwó kan tó ń ṣe súpáfáísọ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Bàbá rò pé nítorí orílẹ̀-èdè Yorùbá ló ṣe ń pàtẹ́wọ́. Bàbá ò mọ̀ pé ibòmíràn ni ọkàn obìnrin náà ń lọ.

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, wọ́n kọ orin Nàìjíríà tán, bàbá fò dìde, ó gbé orin àdúgbò: "Ìfẹ́sowápọ̀, ọmọ ìyá ni gbogbo wa..." Ó gbọ́ pé orin náà ò kún. Ó bojú wẹ̀yìn. Gbogbo àwọn tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ ló jókòó síbi tí wọ́n wà, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wo òrùlé.

"Kí lẹ jókòó ṣe?" bàbá bi wọ́n. "Orin àdúgbò là ń kọ. Ẹ dìde!"

"Ẹ má bínú, Bàbá," Nàfísátù dáhùn. "Ara wa ò gbé e mọ́."

"Ìwọ̀sí nìyẹn!"

"Ìwọ̀sí kọ́ o," Adéjọkẹ́ ké láti ẹ̀yìn. Aránṣọ ni Adéjọkẹ́, ilé rẹ̀ ò jìnnà sí ti Nàfísátù, ẹnu rẹ̀ ò sì ní ìlẹ̀kùn. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, Bàbá. A kàn ń wo yín ṣe ni."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, àti Òkè àti Ìsàlẹ̀. Bàbá Ògúnlàdé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé èèyàn, ó yẹ kó mọ bí àdúgbò náà ṣe rí. Odò kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò fún lórúkọ ló là á sí méjì. Àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀, Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ra ilẹ̀ sí nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n, láti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń fi owó oṣù kọ́ ilé ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá dé sí agbègbè Ọ̀tà, yunifásítì tẹ̀lé wọn, ilẹ̀ wá gbówó lórí. Òkè odò kún fún ilé alájà, wọ́n kọ́ tàwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n kọ́ tàwọn tó fẹ́ súnmọ́ ibi àdúrà. Kí ojú tó mọ́, Òkè ti pọ̀ ju Ìsàlẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì.

Lọ́dọọdún, káńsù máa ń ní kí ẹgbẹ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú ohun kan ṣoṣo wá tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba bá wọn ṣe. Ìsàlẹ̀ á ní afárá. Wọ́n á dìbò, Òkè á wọlé. Lọ́dún kan, iná ojú títì ni. Lọ́dún kejì, gbọ̀ngàn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n da ọ̀dà sí òpópónà tí ilé alága wà. Pákó méjì péré ni Ìsàlẹ̀ ń gbà sọdá. Tí òjò bá sì ti rọ̀ dáadáa, odò á kó pákó náà lọ.

Ní òjò ọdún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ìyá Nàfísátù ṣánlẹ̀. Odò ti kún. Wọ́n gbé ìyá dúró sétí omi láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí, ọkọ̀ ń dúró dè wọ́n lódìkejì, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti kọjá. Ìgbà tí omi fà ni ọkùnrin kan tó pọ̀n ọ́n kọjá, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ti kú. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e dé ni. Gbólóhùn yẹn ò kúrò létí Nàfísátù látọjọ́ náà. Òjò mìíràn ń bọ̀, ó sì ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òjò ọ̀hún ò ní bá pákó méjì lójú odò.

Ìdí nìyẹn tó fi dìde nínú gbọ̀ngàn nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀.

"Bàbá, Ìsàlẹ̀ fẹ́ kúrò lára Òkè," ó ní. "A fẹ́ ní ẹgbẹ́ àdúgbò tiwa, kí àwa náà lè lọ béèrè ohun tiwa lọ́wọ́ káńsù. A ò bá ẹnikẹ́ni jà."

Bàbá Ògúnlàdé ní kí wọ́n gbé ìwé òfin àdúgbò wá. Ó ṣí i, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á síta: "Àdúgbò Ìfẹ́sowápọ̀ jẹ́ àdúgbò kan ṣoṣo, tí kò ṣeé pín, tí kò sì ṣeé tú ká."

Kò sẹ́ni tí ò mọ ibi tí gbólóhùn yẹn ti wá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí káńsù ní kí wọ́n mú ìwé òfin wọn wá, Bàbá Ògúnlàdé fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé òfin Nàìjíríà kalẹ̀ tó ń dà á kọ. Ibi tó bá ti rí Nàìjíríà, á fi Ìfẹ́sowápọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó tilẹ̀ gbójú fo ibì kan, tó fi jẹ́ pé títí dòní ni ìwé òfin àdúgbò náà ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ ogun ojú omi.

"Bàbá, ta ló bi wá léèrè kí wọ́n tó kọ ọ́?" Nàfísátù béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ bàbá gan-an ni, bàbá sì mọ̀ ọ́n. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ó dáa," ó ní. "Ó dáa. Kí gbogbo Ìfẹ́sowápọ̀ dìbò sí i nígbà náà."

"Ìbò tí Òkè pọ̀ jù níbẹ̀? Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó ń lọ ló máa dìbò."

"Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè nìyẹn! Orílẹ̀-èdè yàtọ̀ sí àdúgbò."

"Kí ló fi yàtọ̀?"

Àgbà tí ò bá rí ọ̀rọ̀ sọ, ìbínú ló kàn. Ó pa ìwé òfin náà dé gbàmù. "Ẹ lọ o! Ṣùgbọ́n Òkè ni tiransifọ́mà wà. Ilé tó bá ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí, a máa já wáyà ẹ̀. Ẹ máa lọ tan àtùpà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ iná ti wọlé nìyẹn. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ ra tiransifọ́mà ọ̀hún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin bí wọ́n ṣe máa pín in tó bá di pé ẹnìkan fẹ́ lọ. Ta ló ń gbèrò ìkọ̀sílẹ̀ níbi ìgbéyàwó?

Kò pẹ́ sígbà náà ni Nàfísátù wọ ọkọ̀ lọ sí káńsù ní Ọ̀tà. Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àdúgbò níbẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí kì í parọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ délẹ̀, ó wá ní: "Tí ilé yín bá pé iye tí òfin ní, tí onílé kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara ẹ̀ fọwọ́ sí i, alága yín ò lè dá yín dúró. Ṣùgbọ́n tí ilé kan ṣoṣo bá dín, mi ò lè ràn yín lọ́wọ́, màdáámù. Mo máa wá sí gbọ̀ngàn yín, màá ka orúkọ síta lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá lóhun tó fẹ́ sọ, kó sọ ọ́ níbẹ̀."

Nàfísátù ò jókòó. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í bọ́ aṣọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Ẹni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí i ni Kàsúmù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Wẹ́dà tó ń jó irin ni Kàsúmù, òun àti àwọn tó wà láyìíká ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ní Ìsàlẹ̀: ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń ṣe omi inú ọ̀rá, ẹni tó ń lọ irin. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ka ilé tán, ó pé géérégé, kò dín, kò lé. Nàfísátù fi orí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Kàsúmù ránṣẹ́ pè é. Ó bá a nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbé awò dúdú sórí, kò ṣiṣẹ́, ó kàn jókòó sórí àgbá.

"Nàfí, mi ò bá yín lọ mọ́," ó ní.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni. Àmọ́ mo fọwọ́ sí i kí Bàbá Ògúnlàdé tó rán àwọn ènìyàn ẹ̀ wá. Wọ́n wá wo òpó iná tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n ní ilé tiwa ni wọ́n á kọ́kọ́ já. Iná ni mo fi ń jẹun. Bí mo bá ń ra epo jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́, kí ló máa kù lọ́wọ́ mi? Àwa tí à ń fi iná ṣiṣẹ́ ti sọ̀rọ̀ láàárín ara wa. A máa dúró sínú Ìfẹ́sowápọ̀."

"Ìyá wa ńkọ́?"

Ó dun Kàsúmù. Ilé rẹ̀ ni ìyá wọn ń gbé, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gbé e jókòó. "Má fi ìyá wa bá mi jà," ó ní. "Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ afárá. Mi ò ní wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn wá dójú tì ọ́ láàárín àwùjọ. Ṣùgbọ́n o ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Yọ orúkọ wa."

Nàfísátù fi ìbínú kúrò níbẹ̀. Ó ya ilé Adéjọkẹ́, ó ròyìn fún un. Adéjọkẹ́ ò tilẹ̀ gbójú sókè lára aṣọ tó ń rán.

"Ṣé o ò ní sọ̀rọ̀ gidi ni? Ìsàlẹ̀ ni ilé ẹ̀ wà. Ó ti fọwọ́ sí i. Kò ní wá síbẹ̀. Ìwọ ṣáà dákẹ́. Tí wọ́n bá kọ́ afárá tán, òun náà á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Nàfísátù létí, ó sì wọ̀ ọ́ lára. Kò ní parọ́, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Àfi kó dákẹ́. Ó ń bá a yí bẹ́ẹ̀ nígbà tó lọ kí ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Hàlímọ̀tù ni orúkọ ìyá náà. Ọ̀rọ̀ ti wúwo lẹ́nu rẹ̀ látìgbà àìsàn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣì pé, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ náà ò lọ ibì kankan.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń jà nítorí mi," ìyá ní. "Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pọ̀n mí kọjá odò bíi pé wọ́n gbé àpò gààrì. Ṣé lọ́dún yìí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa fà mí ya?"

"Ìyá, bùrọ̀dá ló fẹ́ dà mí."

Ìyá fi ọwọ́ òsì fà á súnmọ́ra. "Lọ́jọ́ tí ẹbí pé jọ ní Ìwó, tí wọ́n ní o ò gbọ́dọ̀ kúrò nílé ọkọ tó ń lù ẹ́, pé ìgbéyàwó ò ṣeé tú ká, ta ló sọ̀rọ̀?"

Nàfísátù ń tún ìrọ̀rí ìyá rẹ̀ ṣe.

"Mo ní ta ló sọ̀rọ̀?"

"Bùrọ̀dá ni."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí wọ́n jẹ́ ó lọ."

Ìyá ní kí wọ́n gbé omi fún òun. Inú bí Nàfísátù sí ìyá rẹ̀, inú bí i sí Kàsúmù, inú sì bí i sí ara rẹ̀ jù. Ó rántí ọ̀kadà tí Kàsúmù gbé wá sí Ìwó lọ́jọ́ náà, bó ṣe di ẹrù rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwọn àgbà ẹbí ń ṣépè tẹ̀lé wọn títí wọ́n fi yọ sí títì. Nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ilé tí kò fẹ́ gbé mọ́.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún bámú. Òkè jókòó sápá kan, Ìsàlẹ̀ sápá kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé wà láàárín pẹ̀lú bébà rẹ̀. Bàbá Ògúnlàdé jókòó níwájú, ó ti dé fìlà, ojú rẹ̀ le. Kò mọ̀ pé Kàsúmù ti yí ọkàn padà. Ohun tó mọ̀ ni pé ilé Ìsàlẹ̀ ti pé, pé òun ti fìdí rẹmi nínú òfin tí òun fúnra òun kọ́ wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé ń ka orúkọ, oníkálùkù ń dáhùn. Ó dé orí Kàsúmù. "Kò sí níbí? Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i. Ṣé ẹnikẹ́ni lóhun tó fẹ́ sọ?"

Adéjọkẹ́ fi ìgúnpá gún Nàfísátù. Nàfísátù rí odò lójú inú, ó rí òjò, ó rí ìyá rẹ̀ létí omi. Ẹ̀rù bà á gidi. Ó dìde.

"Ẹ yọ orúkọ rẹ̀, sà," ó ní. "Ẹ yọ tàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láyìíká ẹ̀ náà. Wọ́n fọwọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ bá wa lọ mọ́. Wọ́n sọ fún mi."

"Tí mo bá yọ wọ́n, màdáámù, ẹ ò pé mọ́."

"Mo mọ̀."

"Nàfísátù, o ti pa wá!" Adéjọkẹ́ figbe ta. Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn, tí àwọn kan ní Ìsàlẹ̀ ń bú u, tí àwọn kan ní Òkè ń rẹ́rìn-ín. Nàfísátù dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó wá yíjú sí alága.

"Bàbá, ohun tẹ́ ẹ kọ́ wa dáa, òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi ipá mú ẹni tí ò bá wa lọ. Tí mo bá mú un, kí ló kù tí mo máa fi bá yín jà?"

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé fi báírò fa ìlà sórí orúkọ wọn, ó ká bébà rẹ̀, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá Ògúnlàdé ti borí. Àwọn ará Òkè ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ń nawọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó jáde láìkọ orin ìparí.

Nàfísátù sunkún nígbà tó délé, ó sunkún dáadáa. Nígbà tó sun ún tán, ó bọ́ síta, ó lọ bá àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Bébà ò kọ́ afárá rí," ó ní. "Ọ̀la Sọ́ńdè. Ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì kó mú un wá sí odò."

Àwọn kan ò wá. Èyí tó pọ̀ jù wá. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n po sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù sílé oníkálùkù, wọ́n fi òkúta tí wọ́n ń kó láti etí igbó mọ ìdí afárá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Adéjọkẹ́ náà yọ, ó ṣì ń fa ojú ro, ó gbé agbada yanrìn rù láìbá Nàfísátù sọ̀rọ̀. Ìdí afárá gbẹ, ó le. Ohun tí wọn ò ní ni irin tí wọ́n máa gbé lé e lórí.

Lọ́sàn-án Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n rí jẹnẹrétọ̀ kan lọ́ọ̀ọ́kán. Kàsúmù ló ń tì í bọ̀ nínú bárò, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ru irin tẹ̀lé e, irin gígùn, irin nípọn, èyí tó ti ń kó jọ láti fi ṣe géètì ilé ara rẹ̀.

"Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ yín o," ó ní, ó ń wo ibòmíràn.

"Kò sẹ́ni tó bi yín, Bùrọ̀dá mi," Nàfísátù dáhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ sún kúrò níbẹ̀, kí iná má ta sí yín lójú."

Ó ń jó irin mọ́ irin ní gbogbo ọ̀sán náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, Bàbá Ògúnlàdé yọ láti apá Òkè. Èéfín ló rí. Ó wo irin, ó wo ìdí òkúta, ó wo Kàsúmù tó ní òun á dúró sínú Ìfẹ́sowápọ̀, tó sì ń bá àwọn tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́.

"Ta ló fún yín láṣẹ láti kọ́ nǹkan sójú odò?" ó béèrè. Bí alága ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò jáde bó ṣe máa ń jáde.

"Àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni, Bàbá," Nàfísátù ní.

Bàbá ò lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń to pákó lé orí irin, títí Kàsúmù fi pa jẹnẹrétọ̀. Ojú ọ̀run ti ṣú. Kàsúmù lọ sílé, ó gbé ìyá wọn wá lórí àga. Wọ́n rò pé ìyá fẹ́ jókòó wò ó, àfi bí ìyá ṣe ní kí wọ́n gbé òun dìde. Nàfísátù di apá kan mú, Kàsúmù di apá kejì mú, ìyá ń wọ́ ẹsẹ̀ tó kú, ó ń gbé èyí tó yè, títí wọ́n fi rìn dé òpin afárá. Ibẹ̀ ga díẹ̀ sí ilẹ̀, Bàbá Ògúnlàdé ló sì dúró níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ìyá.

Ìyá Hàlímọ̀tù kò tètè gba ọwọ́ náà. Ó kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀.

"Ògúnlàdé," ó ní, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, "ilẹ̀ Yorùbá tẹ́ ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ yẹn, ṣé Ìsàlẹ̀ máa wà ńbẹ̀?"

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀, ó fi í sápò, ó na ọwọ́ kejì kún ti àkọ́kọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá," ó ní, "ẹ gbé gbogbo ara lé mi."